Ta Ló Ni Àwòrán Tí A Sanwó Fún? Ọ̀rọ̀ Tó Ń Tú Ọ̀rẹ́ Ká

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ là yé ara wa lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí ẹ̀yáwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti èrè ìpín. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín, kí ó ní kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú àwòrán? Ó kàn wá o. Ẹni tó ń ta epo pupa nínú wa ní àwòrán igi ọ̀pẹ lára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Ẹni tó ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní àwòrán lára àpò. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba ní pátákó lókè ilẹ̀kùn. Bí ọdún bá sì ti ń lọ sópin, gbogbo wa la ń wá kàlẹ́ńdà. Ẹnì kan ló ya àwọn àwòrán wọ̀nyí, ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ wọ́n, ẹlòmíràn ló sì ń fi wọ́n tajà. Àárín wọn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìjà náà kì í sì í sábà jẹ́ ti àjèjì. Ẹni tí kò mọ̀ wá kò ní bá wa ya àwòrán ní ẹ̀dínwó. Ọ̀rẹ́ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa, ọ̀rẹ́ yìí kan náà ló ń dúró fún wa nígbà tí a bá fẹ́ yá owó. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá pínyà, kì í ṣe àwòrán nìkan ló bàjẹ́. Onídùúró a yọwọ́, ẹ̀yáwó a dúró, ìpàdé a sì pín sí méjì. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a fara balẹ̀ wò ó.

ILẸ̀KÙN ÀÀFIN ÌKẸ́RẸ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Láàrin nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, agbẹ́gilére kan tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn náà, ó gbẹ́ ọba tó gúnwà, ó sì gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n gbé rù wá kí ọba. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní London. Àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ kó di tiwọn. Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe níkẹyìn: wọ́n kan àga ọba kan fún kábíyèsí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn sì dúró lọ́dọ̀ wọn. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. Títí di òní, ti àkọ́kọ́ wà ní British Museum.

Ó pẹ́ kí àwọn òyìnbó tó mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ní 1988, nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ti kú fún nǹkan bí 50 ọdún, ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan, John Pemberton, gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀.

Kí la rí kọ́? Ohun méjì ló wà nínú iṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni igi tí a lè fọwọ́ bà. Ti ọba nìyẹn, ọba sì lágbára láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Èkejì ni ọgbọ́n ọwọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Èyí kò bá igi lọ. Ẹni tó bá di ìyàtọ̀ yìí mú yóò lóye gbogbo ìyókù.

ỌRẸ́ MÉJÌ NÍ LONDON

Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù nípa ọ̀rẹ́ tí àwòrán tú ká ṣẹlẹ̀ ní London ní ohun tó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn. William Blake, tí a bí ní 1757, jẹ́ ayàwòrán. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni kí ó máa fín àwòrán sára páànù bàbà, kí wọ́n lè fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Thomas Stothard, tó fi ọdún méjì jù ú lọ, jẹ́ ayàwòrán pẹ̀lú. Ní nǹkan bí 1780 ni wọ́n di ọ̀rẹ́. Stothard a ya àwòrán, Blake a fín in sí bàbà, àwọn méjèèjì a sì rí owó. Nígbà kan tí wọ́n wa ọkọ̀ ojú omi lọ sórí odò Medway láti yàwòrán, àwọn sójà mú wọn pé amí ilẹ̀ Faransé ni wọ́n! Ẹ rí i pé ọ̀rẹ́ tó jọ rí ìyọnu ni wọ́n.

Àwọn àgbà ní ọ̀rẹ́ kò gba ẹlẹ́ta, ẹlẹ́jì lọ̀rẹ́ gbà. Ẹnì kẹta tó wọlé ni Robert Cromek, oníṣòwò ìwé. Ní 1805, Cromek ní kí Blake ya àwọn àwòrán sí ìwé ewì kan tí Robert Blair kọ nípa ibojì. Blake yà wọ́n. Owó gínì 20 ló gbà. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n kò bínú, nítorí ó rò pé òun náà ni yóò fín wọn sí bàbà, níbi tí owó gidi wà. Kò sí ìwé àdéhùn tó dè é. Cromek gbé iṣẹ́ fínfín fún ẹlòmíràn, Luigi Schiavonetti, tó rò pé yóò tà jù. Ìwé jáde ní 1808. Àwòrán Blake ni, ọwọ́ ẹlòmíràn ni owó wà.

Ọgbẹ́ kejì ló burú jù. Blake ti bẹ̀rẹ̀ àwòrán kan nípa àwọn arìnrìn-àjò tó gun ẹṣin lọ sí Canterbury, látinú ìtàn àtijọ́ tí Chaucer kọ. Gẹ́gẹ́ bí Blake ti sọ, Cromek wá sílé òun, ó rí àwòrán náà, ló bá gba ọ̀dọ̀ Stothard lọ, ó sì ní kí Stothard ya irú rẹ̀ fún òun. Stothard yà á. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní 1807, èrò wọ́ lọ wò ó. Blake fi ìbínú parí tirẹ̀, ó pàtẹ rẹ̀ nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 1809. Èèyàn kò yọjú púpọ̀. Oníwèé-ìròyìn kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé orí ayàwòrán náà kò pé. Ó tẹ àwòrán tirẹ̀ jáde ní 1810, kò tà. Ti Stothard jáde ní 1817, ó sì tà wàràwàrà, àmọ́ Cromek ti kú kó tó di ìgbà náà.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti Stothard pẹ̀lú. Ẹbí rẹ̀ sọ pé kò mọ̀ rárá pé Blake ti bẹ̀rẹ̀ irú àwòrán náà. Oníbàárà gbé iṣẹ́ wá, òun gbà á, ó parí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ ní èrò náà. Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ bí ọdún 25 tú. Blake kú ní 1827, Stothard kú ní 1834, wọn kò parí ìjà náà.

Bí ẹjọ́ yìí bá dé ilé ẹjọ́, ó ṣeé ṣe kí Blake pòfo. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti dáàbò bo àwòrán tí a fín láti 1735, ṣùgbọ́n Canterbury àti àwọn ẹlẹ́ṣin kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnikẹ́ni ló lè yà wọ́n. Òfin lè dá Stothard láre kí ọ̀rẹ́ ṣì tú síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti bi ara wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo, “Ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ o ti ń ya èyí?”, bóyá ìtàn ì bá yí padà.

FẸLÁ ÀTI LEMI

Àpẹẹrẹ tiwa wà pẹ̀lú. Ní 1974, Lemi Ghariokwu, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán sí páálí àwo orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Alagbon Close ló kọ́kọ́ yà. Wọ́n di bíi bàbá àti ọmọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ àwòrán ti àwo Sorrow Tears and Blood dé. Fẹlá kò fara mọ́ ohun tí Lemi yà, àwọn méjèèjì sì pínyà. Kì í ṣe pé ẹnì kan jí àwòrán ẹnì kejì níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ta ló láṣẹ lórí àwòrán: ẹni tó ní orin ni, àbí ẹni tó ní ọwọ́? Tiwọn sàn ju ti London lọ, nítorí wọ́n padà ṣiṣẹ́ pọ̀. Lemi ló ya páálí Beasts of No Nation tó jáde ní 1989.

KÍ NI ÒFIN NÀÌJÍRÍÀ SỌ?

Láti 1912 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kọpiráìtì, ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní 1970 a ṣe tiwa. A tún ṣe òmíràn ní 1988. Èyí tí a ń lò báyìí ni Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o ni Nigerian Copyright Commission, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989.

Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mú Lágbájá àti Tàmẹ̀dù. Lágbájá ni ayàwòrán. Tàmẹ̀dù ń ta epo pupa. Tàmẹ̀dù fún Lágbájá ní 20,000 náírà kí ó ya obìnrin tó ń fún epo, kí òun lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Wọn kò kọ ìwé kankan.

Ìbéèrè kìíní: ta ló ni àwòrán náà? Tàmẹ̀dù á ní, “Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, èmi ni mo sanwó.” Òwe yìí dára, ṣùgbọ́n òfin kò tẹ̀ lé e níhìn-ín. Ẹni tó yà á ni òfin kọ́kọ́ fún ní ẹ̀tọ́, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ tó sì sanwó, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bébà tí Lágbájá fà lé e lọ́wọ́ jẹ́ ti Tàmẹ̀dù, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn ti jẹ́ ti Ògògà. Àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ ní oríṣiríṣi ṣì wà lọ́wọ́ Lágbájá.

Ìbéèrè kejì: ṣé Tàmẹ̀dù ò wá lè lo nǹkan tó fowó rẹ̀ rà ni? Ó lè lò ó. Kẹ́ẹ̀gì epo ni wọ́n jọ sọ. Ìyọ̀ǹda fún kẹ́ẹ̀gì ti wà níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí Tàmẹ̀dù bá gbé e lọ sórí kàlẹ́ńdà tó ń tà, tàbí sára tíṣáàtì, tàbí tó fún àna rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ pé kí ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò gàrí, ó ti ré kọjá ohun tí wọ́n jọ sọ. Atẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ń tà á lè rí ẹjọ́ pẹ̀lú. Bó bá sì jẹ́ pé Tàmẹ̀dù fẹ́ gba gbogbo ẹ̀tọ́ náà pátápátá, àfi kí ó wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè gbé e kúrò lọ́wọ́ Lágbájá.

Ìbéèrè kẹta: ṣé ó di dandan kí Lágbájá lọ forúkọ àwòrán sílẹ̀ l'Ábújá? Kò di dandan. Bó bá ti yà á sórí bébà tàbí ohun mìíràn, tó sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà yóò wà títí tí yóò fi kú, yóò sì tún jẹ́ ti àwọn àjogún rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Bí a bá fi èyí ka ti Ọlọ́wẹ̀, tó kú ní nǹkan bí 1938, 70 ọdún ti kọjá. Ti Lemi kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìbéèrè kẹrin: kí ni òfin kò dáàbò bò? Èrò lásán. Obìnrin tó ń fún epo kì í ṣe ti Lágbájá. Ayàwòrán mìíràn lè lọ sí oko, kí ó wo obìnrin tó ń fún epo, kí ó ya tirẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó gbé ti Lágbájá síwájú kí ó máa tẹ̀ lé ìlà rẹ̀. Kí a yí àwọ̀ gèlè padà láti pupa sí búlúù kò sọ ọ́ di tuntun o.

Ìbéèrè karùn-ún: orúkọ ńkọ́? Òfin fún ayàwòrán láṣẹ láti sọ pé òun lòun ṣe é, àti láti kọ̀ bí ẹnì kan bá ba iṣẹ́ náà jẹ́ lọ́nà tó tàbùkù òun. Ọ̀pọ̀ ìjà ni ì bá má ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ orúkọ kékeré sí igun ìsàlẹ̀. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè kẹfà: fóònù wá ńkọ́? Lóde òní, ẹnì kan á na fóònù sókè, á ya pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó di ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Pé àwòrán wà ní gbangba kò sọ ọ́ di àwátì tí ẹnikẹ́ni lè mú. Kí o yà á láti wò nínú ilé rẹ, kò sí wàhálà. Kí o yà á láti fi tajà, lọ béèrè.

OHUN TÍ ONÍṢÒWÒ LÈ ṢE

Ẹ̀rù kò gbọ́dọ̀ ba oníṣòwò. Òfin kò ní kí ẹ má ṣe lo àwòrán. Ó ní kí ẹ gba àṣẹ. Ewé bébà kan ti tó. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí i:

1. Orúkọ ẹni tó ń yà á, orúkọ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn.
2. Ohun tí àwòrán náà jẹ́. Bí ẹ bá lè lẹ ẹ̀dà kékeré kan mọ́ ìwé náà, ó dára jù.
3. Ibi tí a ó ti lò ó: kẹ́ẹ̀gì nìkan, àbí pátákó, kàlẹ́ńdà àti aṣọ pẹ̀lú.
4. Iye ọdún tí a ó fi lò ó.
5. Owó tí a san, àti iye tí a ó tún san bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síbòmíràn.
6. Bóyá a lè yí i padà, bóyá a lè fún ẹlòmíràn, àti ibi tí orúkọ ayàwòrán yóò wà.
7. Ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì àti ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí wọ́n kà á sí i létí ní Yorùbá kí ó tó tẹ ìka.

Bí àwòrán náà bá jẹ́ àmì tí àwọn oníbàárà fi ń dá ọjà yín mọ̀, òfin mìíràn wà fún un, ti 1965. Ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò. Ọdún 7 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, a sì lè tún un ṣe ní ọdún 14, ọdún 14. Ti aláṣọ tó ní bátànì tuntun wà nínú òfin 1970: ọdún 5, a lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó di 15. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìwé ayàwòrán wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé sórí ilẹ̀ tí kò rí ìwé rẹ̀ gbà, ẹ mọ bó ṣe ń parí.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin ayàwòrán, bí ẹ bá rí iṣẹ́ yín níbi tí ẹ kò fi í sí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọjà. Ẹ̀tẹ́ ìta gbangba kò ní jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ lè tọrọ àforíjì. Ẹ ra ẹ̀dà kan, ẹ gba rìsíìtì, ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ kọ́kọ́ fi yà á, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ yín. Ó lè jẹ́ pé atẹ̀wé ló ṣe é, òun gan-an kò mọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí wọ́n bá pè yín, ẹ má ṣe sọ pé, “Ṣebí àwòrán lásán ni.” Ohun tí ẹ fi ń pe oníbàárà kì í ṣe lásán. Ẹ dá títẹ̀ dúró ná, ẹ sọ iye tí ẹ tẹ̀ àti iye tí ẹ tà, kí ẹ sì jọ jókòó lórí owó. Gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti wí, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó.

Bí àwọn méjèèjì kò bá lè dá parí rẹ̀, kí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kí ó tó di ìjà. A kì í ṣe adájọ́, a kò sì lè fi òfin mú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a lè pe àgbà méjì jókòó tì wọ́n. Bí ó bá kọjá agbára wa, Nigerian Copyright Commission ń gba ẹ̀sùn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Adó níhìn-ín. Ó kàn jẹ́ pé owó lọ́yà lè ju owó kàlẹ́ńdà lọ, a kì í sì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ṣọ̀rẹ́.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ kedere. Bí ẹ bá dúró fún ẹnì kan lórí ẹ̀yáwó, ìjà àwòrán kò yọ yín kúrò nínú ìdúró náà. Ìwé tí ẹ tọwọ́ bọ̀ fún ẹgbẹ́ ṣì wà bó ṣe wà títí owó yóò fi pé. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀kan gbẹ̀san èkejì. Gbogbo wa la jọ ni owó inú àpò ẹgbẹ́.

Irú ìwé àdéhùn tí a là sílẹ̀ lókè yìí yóò wà lórí tábìlì akọ̀wé ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, kí ó mú ayàwòrán rẹ̀ dání wá, kí a bá wọn kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ Ìgbìmọ̀